Ẹ Béèrè Bí Ẹran Náà Ṣe Kú: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Àwọn Alásè Ìlú Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lọ́kùnrin lóbìnrin,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iná, ẹ kú èéfín, ẹ kú àìsùn ọjọ́ Jímọ̀ mọ́jú Sátidé. Dókítà ẹran, ọlọ́sìn adìẹ àti ọlọ́sìn ẹja ni àwa tí a pawọ́ pọ̀ kọ lẹ́tà yìí. Ọwọ́ wa ni ohun tó ń bọ́ sínú ìkòkò yín ti ń wá.

Ẹ̀yin la kọ ọ́ sí nítorí pé agbára kan wà lọ́wọ́ yín tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyàwó ilé tó lọ ra ẹran kílò kan ní Ọjà Ọba kò lè sọ fún alápatà pé kó fún màlúù lómi mu kó tó pa á. Wọ́n á ní kó máa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba odidi màlúù méjì fún ìnáwó kan, tí ẹ sì ń san àsansílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ lè sọ ọ́, alápatà yóò sì ṣe é. Ìnáwó ló ń gbé ọjà ẹran Ìbàdàn ró. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń ná owó ẹran, ẹ bá wa ná ọ̀nà tí wọ́n gbà sìn ín àti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà pa á mọ́ ọn.

Màlúù ló ń jẹ owó jù, ẹ jẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú màlúù tí à ń jẹ níbí ti ń wá. Orí ìdúró ni wọ́n wà nínú tírélà fún ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dé kára, ìyẹn ọjà màlúù, ní Akínyẹlé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, òùngbẹ ti gbẹ wọ́n, ẹsẹ̀ ti wú, ojú pàṣán ti pọ̀ lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ fa ọ̀kan lọ tààrà sí odò ẹran, inú ìkòkò yín ni àbọ̀ rẹ̀ yóò ti jáde.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú iṣan ẹran tó sinmi, ṣúgà kan wà tí ara fi pamọ́, glycogen la ń pè é nínú iṣẹ́ wa. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹran, ṣúgà yìí máa ń yí padà di ásíìdì díẹ̀díẹ̀, pH ẹran (òǹkà tí a fi ń wọn kíkan; bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i) a sì máa ti 7 sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi dé 5.4 sí 5.7 láàárín wákàtí 24. Kíkan tó wọ inú rẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí kòkòrò àìrí tètè gbilẹ̀, òun náà ló ń fún ẹran ní àwọ̀ pupa tó mọ́. Màlúù tí wọ́n nà, tí ẹ̀rù bà, tí kò rí omi mu, ti jó ṣúgà rẹ̀ tán kí ọ̀bẹ tó kan ọrùn rẹ̀. pH tirẹ̀ a máa dúró sí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa dá a mọ̀: ó dúdú, ó le, ojú ibi tí wọ́n ti gé e gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń rùn kíákíá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kódà bó jẹ́ pé ìdájí ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n pa á. Ẹ̀yin á máa bá alápatà jà pé ẹran àná ló tà fún yín, òun á máa búra pé òní ni. Ó lè má purọ́ o.

Ohun tí ẹ máa sọ fún un kò pọ̀. Kí màlúù yín ti dé odò ẹran ní ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú kí wọ́n tó pa á. Kí omi wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Oúnjẹ lè dúró ní nǹkan bí wákàtí 12 tó kẹ́yìn, kí inú rẹ̀ lè fúyẹ́, kí ìgbẹ́ má baà tú sí ẹran lára nígbà tí wọ́n bá ń la ikùn. Kí ẹnikẹ́ni má lọ́ ọ nírù, kí wọ́n má gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè ṣubú. Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn alápatà wa, wọ́n sì mọ ohun tí ẹ̀sìn wọn ní kí wọ́n ṣe bí wọ́n bá fẹ́ dúńbú ẹran: kí ọ̀bẹ mú, kí wọ́n má pọ́n ọn lójú ẹran, kí wọ́n má sì pa ọ̀kan lójú èkejì. Ẹ rán wọn létí, wọn ò ní bínú. Ọ̀bẹ tó kú ni ẹni tó ń pa ẹran fi ń ya ọrùn lọ bọ̀ nígbà márùn-ún, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dà tán bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti fẹ́ pa á. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ odò ẹran tó ní dókítà, irú èyí tó wà ní Amósùn ní Akínyẹlé, ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí màlúù náà lóòró kí wọ́n tó pa á, kó sì la ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kókó ọrùn rẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Àwọn olùwádìí ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ ọ́ léraléra pé ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára àwọn màlúù tí wọ́n máa ń pa ní Bódìjà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá la fùkù tí ẹ bá kókó líle nínú rẹ̀, tí ohun aláwọ̀ ìyeyè tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ wà láàárín kókó náà, ẹ má gé ibẹ̀ sọnù kí ẹ wá dín ìyókù. Ẹ dá gbogbo fùkù náà dúró, kí ẹ pe dókítà. Ẹ̀dọ̀ tí àwọn òpó inú rẹ̀ le, tí aràn pẹlẹbẹ ń yọ jáde bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, aràn ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ dá a padà fún alápatà kó fún yín ní òmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ lójú agbo, èyíinì ni abo màlúù tó lóyún. Wọ́n ń pa wọ́n lójoojúmọ́ nítorí pé owó ti há ẹni tó ni ín, tàbí nítorí pé abo rọ̀ lówó ju akọ lọ. Nígbà mìíràn, ọmọ tó ti hurun tán ni wọ́n ń fà jáde láti inú rẹ̀. A kò rí àwíjàre kankan fún un. Dókítà lè ti ọwọ́ wo abo kan láti ìdí rẹ̀, kó sọ bóyá ó lóyún, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ sọ pé akọ lẹ fẹ́, tàbí abo tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Lórí pọ̀nmọ́, kúkúrú ni ti wa: ẹ má ra èyí tí wọ́n fi táyà jó. Oró tó wà nínú èéfín táyà, títí kan òjé, máa ń lẹ̀ mọ́ awọ, fífọ kì í sì í mú un kúrò tán. Ẹ rẹ ègé kan sínú omi gbígbóná. Bí òórùn rọ́bà bá jáde, ẹ dá a padà. Èyí tí wọ́n fi omi híhó bó tàbí tí wọ́n fi igi tàbí gáàsì jó ló dára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, nítorí àwọn kan á sọ pé ẹran tó dára máa ń wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gé ẹran aláìléegun sí gírámù 60 ní tútù, ègé méjì fún àlejò 300 jẹ́ kílò 36. Ẹran gidi máa ń dín ní ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́ta bó bá jinná, kílò 24 sí 27 ni yóò sì kù. Bí kílò 36 bá bọ́ sí 20 tí ẹ kò sì sè é ju bó ṣe yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi lẹ fi owó ẹran rà. Ẹ mú òṣùwọ̀n tiyín dání, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní tútù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní jíjinná. Lẹ́yìn ìnáwó mẹ́ta, ẹ ó ti mọ alápatà tí owó rẹ̀ wọ́n lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ẹran rẹ̀ tó owó náà lóòótọ́.

Ó kan adìẹ. Orí ẹsẹ̀ la ti ń ka ìwé ilé tó ti wá. Ẹ gbé bọ̀rọ́ílà kan, kí ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ wò. Ní ilé tí ìyẹ̀fun igi abẹ́ ẹsẹ̀ wọn gbẹ, ibẹ̀ máa ń mọ́, awọ rẹ̀ a sì jọ̀lọ̀. Bí wọ́n bá há adìẹ mọ́ra, tí ìdọ̀tí àti ìtọ̀ fi rin ilẹ̀, èéfín amóńíà á dìde, yóò jó wọn lẹ́sẹ̀, yóò sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Àpá yìí kì í kúrò lẹ́yìn tí wọ́n bá tu ìyẹ́ tán, nítorí náà ẹ lè rí i lára adìẹ tí wọ́n ti pa pàápàá. Adìẹ 10 sí mítà kan níbùú lóòró la kà sí ìwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ kílò méjì. Bí ẹ bá dé oko tí ẹ kò rí ilẹ̀ láàárín adìẹ rárá, wọ́n ti pọ̀ jù.

Adìẹ ẹlẹ́yin tó ti gbó, tí ẹ fẹ́ràn nítorí pé kì í fọ́ nínú ọbẹ̀, inú kéèjì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Nínú kéèjì tó wọ́pọ̀, àyè tí adìẹ kan ní kò tó ojú ìwé A4 kan. Àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) ti fòfin de irú rẹ̀ láti 2012. Adìẹ tí kò rìn, tí kò fò, tó sì ń fi gbogbo èròjà egungun rẹ̀ ṣe èèpo ẹyin fún ọdún kan ààbọ̀, egungun rẹ̀ kì í lágbára. Yóò ti ṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fà á jáde, àfọ́kù rẹ̀ lẹ ó sì máa ṣà nínú ọbẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn tó ń sin ẹlẹ́yin nílẹ̀ẹ́lẹ̀ wà káàkiri ẹ̀bá Ìbàdàn. Ẹ máa wá wọn, kí ẹ sì fi owó díẹ̀ lé tiwọn.

Oògùn ló kàn. Ẹ bi ọlọ́sìn pé, “Ìgbà wo lẹ fún wọn ní antibayótíìkì kẹ́yìn, kí ni orúkọ rẹ̀?” Kó mú ìwé àkọsílẹ̀ àti ìgò náà jáde. Iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó pa ẹran náà wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan fún oògùn inú omi adìẹ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin fún abẹ́rẹ́ oxytetracycline tó ń pẹ́ lára màlúù. Síse kì í pa gbogbo oògùn tó kù nínú ẹran, inú ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín ló sì ń pọ̀ sí jù. Bí ọlọ́sìn kan bá pè yín lójijì pé òun fẹ́ ta 200 ní ìdajì owó, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá wọ́n ń kú.

Adìẹ tó ti kú kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án kò ṣòro mọ̀: awọ rẹ̀ pọ́n tàbí kó ṣú, ẹ̀jẹ̀ dì sí orí apá, ojú ọgbẹ́ ọrùn rẹ̀ kò sì là sẹ́yìn. Tí wọ́n bá gbé adìẹ kọ́ ọ̀kadà lórí kodò láti Mọ́níyà wá sí Bẹẹrẹ, apá á yẹ̀, ẹran àyà á sì ta ẹ̀jẹ̀ sínú. Àwọ̀ ojú ibẹ̀ ló ń sọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ó máa ń pupa fòò bí kò bá tíì pẹ́, á ti di pupa tó ṣú ní nǹkan bí wákàtí 12, àwọ̀ ewé á sì ti wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 36. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ewé, oko ni wọ́n ti ṣe é léṣe. Bó bá ṣì pupa fòò, ọlọ́kadà tàbí ẹni tó pa á lẹ máa mú. Inú kéréètì ni kí ẹ ní kí wọ́n kó wọn sí, kó má ju 10 sí 12 lọ nínú ọ̀kan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń pa á fúnra yín, ẹ gé ìdí kẹ́ẹ̀gì lítà 10, kí ẹ gé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ lórí kodò. Ẹ ti orí adìẹ gba ẹnu rẹ̀ jáde. Kò ní lè gba apá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ara rẹ̀ á sì tètè rọlẹ̀. Ìwọ̀n ooru 60 ló tó fún omi tí ẹ máa fi tu ìyẹ́ bọ̀rọ́ílà: omi híhó ìwọ̀n mẹ́rin, omi tútù ìwọ̀n márùn-ún, kí ẹ rì í fún ìṣẹ́jú kan sí kan ààbọ̀. Omi híhó lásán tí púpọ̀ nínú yín ń lò ló ń jẹ́ kí awọ ya. Bí ẹ bá tú inú rẹ̀ tán, inú omi oníyìnyín ló kàn, fún wákàtí kan.

Tòlótòló àti adìẹ dídì tó ń gba ẹnubodè wọlé ńkọ́? Láti 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin dè é. Fàyàwọ́ ló ń gbé e, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ìgbà tó ti yọ́ tó tún dì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti ẹja, àrọ̀ ni kí a dúró lé lórí. Àṣà kan wà tí a fẹ́ kó parẹ́ ní ìlú yìí: dída iyọ̀ lé àrọ̀ lórí lóòyè, kí wọ́n wá de ọmọrí lé bááfù. Àrọ̀ kì í kú bọ̀rọ̀, ó lè mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa, nítorí náà ó máa ń pẹ́ nínú oró iyọ̀ náà kó tó dákẹ́. Bó ṣe ń jà bẹ́ẹ̀ ló ń jó ṣúgà ara tirẹ̀ náà, tí yóò fi tètè gan, tí ẹran rẹ̀ á sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹja tó ń fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nínú ọbẹ̀ ata, ẹ wádìí bí ó ṣe kú kí ẹ tó bá ọmọ iṣẹ́ jà pé ó rò ó jù. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ fi aṣọ tútù bo ojú rẹ̀ kó lè dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá fi ọmọ odó tàbí irin lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó dún, lókè ojú níbi tí ọpọlọ wà. Agbárí àrọ̀ nípọn, igi wẹ́wẹ́ kò lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìjàgbọ̀n rẹ̀, ohun pupa tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ dà sínú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà tó bá ti kú tán ni kí ẹ wá lo iyọ̀ tàbí eérú tàbí omi gbígbóná láti fi bó ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀.

Òórùn ẹrẹ̀ tí ẹ ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti efinrin bò mọ́lẹ̀, inú adágún tí omi rẹ̀ kò mọ́ ló ti wọ inú ọ̀rá ẹja. Ẹ ní kí ọlọ́sìn kó ẹja yín sínú omi mímọ́ tó ń ṣàn fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún láìfún wọn lóúnjẹ. Ọjọ́ kan péré á sọ inú wọn dòfo, ṣùgbọ́n kò lè mú òórùn yẹn lọ. Ẹ wo ìrù àti irùgbọ̀n wọn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti já wọn jẹ, ẹ mọ̀ pé wọ́n pọ̀ jù nínú adágún, pé ńlá àti kékeré ni wọ́n kó pọ̀, tàbí pé ebi ń pa wọ́n. Bí ẹ bá sì rí ìyẹ́ adìẹ léfòó lójú omi, òkú adìẹ tí wọ́n ń pè ní mótálítì ni wọ́n fi ń bọ́ wọn. Oògùn tí àgbẹ̀ fún adìẹ náà kó tó kú ti bá a wọ inú ẹja nìyẹn.

Titus àti kótè ní ewu tiwọn. Bí wọ́n bá yọ́ tí ooru mú wọn fún wákàtí mélòó kan, kòkòrò máa ń sọ èròjà kan nínú ẹran wọn di histamine. Bọ̀ ọ́, dín in, yan án, kò ní kúrò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí wákàtí kan, ojú rẹ̀ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á fọ́ ọ, inú rẹ̀ sì lè máa ṣí. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lóde, májèlé ni ọ̀rọ̀ tó ń kọ́kọ́ jáde, ìyá alásè ni wọ́n á sì máa wò. Ẹ ṣí páálí kí ẹ tó gbé e: bí yìnyín pupa bá dì sí ìsàlẹ̀, tí ẹja ti wọ́, tí ikùn ti bẹ́, ó ti yọ́ rí. Iwọ̀n òtútù -18 ló yẹ kí fírísà wà. Inú kúlà ni kí ẹ ti jẹ́ kó yọ́ mọ́jú, kì í ṣe nínú bááfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Edé tútù àti akàn jìnnà sí wa, nítorí náà kílò yìnyín kan fún kílò kan la fi ń gbé e. Edé tí orí rẹ̀ ti ṣú ti pẹ́. Akàn tí kò mira, ẹ má rà á. Ẹja gbígbẹ ńkọ́? Bí ẹ bá gbọ́ òórùn apakòkòrò lára rẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀. Ní 2019 ni NAFDAC dá títa ìgò kékeré Sniper dúró lọ́jà, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń wọ́n ọn sí i.

Ẹ ó san díẹ̀ kún un, a ò ní purọ́ fún yín. Màlúù tó sinmi fún ọjọ́ kan ń gba àyè, ó ń mu omi, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà á gbowó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú alápatà, kí ẹ sì dá ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ dúró títí ẹ ó fi rí òǹtẹ̀ dókítà lára ẹran. Nígbà Iléyá àti Kérésìmesì ni kí ẹ ṣọ́ra jù, torí ìsinmi yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fò dá bí èrò bá pọ̀. Ẹ tètè sanwó, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ rán ènìyàn wá wo bí a ti ń yẹ ẹran wò, a ṣe tán láti mú wọn káàkiri. Ìdájí agogo márùn-ún ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà, kí wọ́n sì mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Àwa ni tiyín nínú iṣẹ́,
Àwọn dókítà ẹran, ọlọ́sìn adìẹ àti ọlọ́sìn ẹja, Ìbàdàn